Ṣé Ká Bọ́ Ìdè Lọ́wọ́ Ká Tó Kọ̀wé? Ọ̀rọ̀ Lórí Àmì Ẹ̀sìn Láàárín Ọ̀rẹ́ Onílẹ́tà

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ Ifá ẹgbẹ́ wa, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ gbé ìbéèrè náà wá síwájú àwọn àgbà)

      

Ìbéèrè tí ẹ gbé wá kò gùn, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Ẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ onílẹ́tà sílẹ̀, irú èyí tí àwa ọmọ ilé-ìwé girama àtijọ́ ń pè ní pẹ́ńpáàlì. Ọmọ Ọ̀yọ́ yóò máa kọ̀wé sí ọmọ Bàhíà, ọmọ Òṣogbo yóò máa kọ̀wé sí ọmọ Havana, àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa náà yóò sì láǹfààní láti wọlé. Ẹ ní: ṣé kí oníkálukú máa fi àmì ẹ̀sìn rẹ̀ hàn nínú ẹgbẹ́ yìí, àbí kí gbogbo wa fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni bọ́ bàtà?

Ohun tó mú ìbéèrè yìí gbóná ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo wa. Ọ̀dọ́bìnrin náà wọ ẹgbẹ́ onílẹ́tà kan tí àwọn ará òkè òkun dá sílẹ̀. Níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ ti ń júwe ara rẹ̀, ó fi àwòrán ọwọ́ ara rẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ tó di kálàmù mú, tí ìdè Ifá sì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò pẹ́ tí alábòójútó fi ní kí ó yọ àwòrán náà, nítorí pé ẹnìkan ní ó ń dẹ́rù ba òun. Ọmọ náà gbọ́ràn, ó yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàkíyèsí pé ẹni mẹ́ta ló wọ àgbélébùú sọ́rùn nínú àwòrán tiwọn, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Ó kọ̀wé sí mi. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni mo ṣẹ̀ wọ́n ni, àbí ìdè ọwọ́ mi?”

Mo gbọ́ èrò méjì láàárín wa láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilẹ̀. Àwọn kan ní kí á yọ gbogbo àmì kúrò, ti wa àti ti ẹlòmíràn, kí àlàáfíà lè wà. Àwọn kejì ní kí á kún gbogbo ojú ìwé fún òrìṣà, kí ẹni tí kò bá fẹ́ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. N kò tẹ̀lé ìkíní, n kò sì tẹ̀lé ìkejì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́tà àwọn baba wa, àmì ni

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú iṣẹ́ tí mo kọ́ ní yunifásítì, èyí tí í ṣe ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Kí ìwé kíkọ aláfábẹ́ẹ̀tì tó dé ọ̀dọ̀ wa ni Yorùbá ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Àrokò ni lẹ́tà náà. Ní 1885, C. A. Gollmer, míṣọ́nnárì ìjọ CMS tó ti bá wọn gbé ní Bàdágìrì láti 1845, tẹ àlàyé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lórí irú iṣẹ́ báyìí tí àwọn ènìyàn wa ń fi ohun èlò rán sí ara wọn. Ẹyọ owó méjì tí a so ní ìdojúkojú, ìbáṣepọ̀ àti ìpàdé ló ń sọ. Ẹyọ owó méjì kan náà tí a so ní ìkẹ̀yìnsíra, ìyapa àti ọ̀tá ni. Ẹyọ ò yí padà, iye rẹ̀ ò yí padà. Bí a ṣe kọjú wọn síra ló yí ọ̀rọ̀ padà.

Ẹ wo ẹyọ mẹ́fà. Ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí yóò gbọ́ “fà” nínú “ẹ̀fà”: ọkàn mi fà sí ọ. Bí òun náà bá fẹ́, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò dá padà, nítorí “jọ” wà nínú rẹ̀: èrò wa jọra, a jọ wà níbẹ̀. Àwa onímọ̀ èdè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Ìtumọ̀ kò sí lára ẹyọ, inú èdè ló wà. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò ka ẹyọ mẹ́fà pé pérépéré, kò sì ní gbọ́ ìfẹ́ tó wà níbẹ̀. Lóòótọ́ ni àwọn àgbà wí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

Nísinsìnyí, ẹ bá mi wò ó: ǹjẹ́ ẹyọ kì í ṣe ohun ẹ̀sìn? Ẹyọ tí à ń ná lọ́jà ni à ń fi dá ẹ́ẹ̀rìndínlógún. Òun kan náà ni à ń tò sára ère Èṣù. Màrìwò tó ń sọ fún àjèjì pé kó má kọjá ibi báyìí, aṣọ Ògún ni. Àwọn baba wa kò ní àpótí méjì, kí wọ́n kó àmì ẹ̀sìn sí ọ̀kan, kí wọ́n sì kó àmì ọ̀rẹ́ sí èkejì. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé àmì ẹ̀sìn àti lẹ́tà ọ̀rẹ́ kì í pàdé, ó ń sọ fún un pé kí ó gbàgbé lẹ́tà tí baba rẹ̀ kọ́kọ́ kọ.

Ṣùgbọ́n àrokò ní òfin tirẹ̀, òfin náà sì ni yóò gbà wá lọ́wọ́ àwọn tó ní kí á kún gbogbo ojú ìwé. Àrokò ní ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. A kì í gbé e káàkiri ọjà kí gbogbo ojú máa wò ó. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ti kọ́kọ́ rò ó pé: ṣé ẹni yìí yóò mọ̀ ọ́n kà? Bí kò bá ní mọ̀ ọ́n kà, kì í ṣe lẹ́tà mọ́, ẹrù lásán ni.

Kò sí ojú ìwé tó ṣófo

Àwọn tó ní kí á yọ gbogbo àmì kúrò ń rò pé lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́ tán, ojú ìwé yóò wà láìní ẹ̀sìn. Èmi kò tíì rí irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí á wo àpò lẹ́tà fúnra rẹ̀. Sítáǹbù àkọ́kọ́ ní àgbáyé, èyí tí Bìrìtìkó tẹ̀ ní 1840, orí Ọbabìnrin Fìkitóríà ló wà lórí rẹ̀. Ní 1874 tí Èkó kọ́kọ́ ní sítáǹbù tirẹ̀, orí ọbabìnrin kan náà ló wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń gbé àmì ẹni tó ni agbára. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ sítáǹbù Kérésìmesì ní 1962, ó tẹ ti àjọ̀dún Hánúkà àwọn Júù ní 1996, ó sì tẹ ti ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá ní 2001. Ẹni tó bá fi ọ̀kan nínú wọn lẹ lẹ́tà ti fi àmì ẹ̀sìn ránṣẹ́ kí ó tó kọ “báwo ni nǹkan”.

Ẹ tún wo fóònù ọwọ́ yín. Nínú àwọn àwòrán kéékèèké tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí ọ̀rọ̀, àgbélébùú wà níbẹ̀, oṣù pẹ̀lú ìràwọ̀ wà níbẹ̀, ìràwọ̀ Dáfídì, àmì Om àwọn Híńdù àti àgbá kẹ̀kẹ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà wà níbẹ̀. Ní 2022, wọ́n fi khanda ti àwọn Síìkì kún un. Ẹ wá ọ̀pẹ̀lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá oṣé Ṣàngó, ẹ wá abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun. Nígbà tí wọ́n bá ní kí gbogbo ènìyàn yọ àmì kúrò, ti ẹlòmíràn ti wọ inú sítáǹbù, ó ti wọ inú fóònù, ó ti wọ inú orúkọ ọjọ́ àti ìsinmi ọdún. Tiwa nìkan ni yóò hàn bí ohun tí a gbọ́dọ̀ yọ.

Ìjà yìí kì í ṣe ti lẹ́tà nìkan. Ní 2004, ilẹ̀ Faransé ṣe òfin pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ wọ àmì ẹ̀sìn tó hàn gbangba wọ ilé-ìwé ìjọba. Ilẹ̀ wa gba ọ̀nà mìíràn. Ní 17 oṣù kẹfà 2022, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí ní ẹ̀tọ́ láti lo híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba ní ìpínlẹ̀ Èkó. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí agbẹjọ́rò Malcolm Omirhobo fi múra gẹ́gẹ́ bí olùsìn Olókun lọ sí ilé-ẹjọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ló fi í ṣe ẹ̀rín. Ní tèmi, ìbéèrè gidi ló wọ̀ sọ́rùn: bí a bá ti ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀sìn kan, ta ló ní àṣẹ láti tì í mọ́ èkejì? Òfin kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní kí gbogbo ènìyàn yọ ọ́, kí ó jẹ́ gbogbo ènìyàn lóòótọ́. Bí àgbélébùú bá dúró, kí ìdè dúró.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yí ojú padà sí ara wa. Àwọn kan nínú yín ti ń sọ pé nínú ẹgbẹ́ tiwa, a kò ní gba àwòrán ẹni mímọ́ àwọn Kátólíìkì láàyè. Ẹ fara balẹ̀. Bí lẹ́tà bá ti Havana wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, tí àwòrán obìnrin kan wà nínú rẹ̀, tó wọ aṣọ pupa, tó di idà mú, Santa Bárbara ni Kátólíìkì ń pè é, ọjọ́ kẹrin oṣù náà sì ni ọjọ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn olórìṣà Kúbà, Ṣàngó ni ẹ ń wò. Bí ẹ bá rí arúgbó onípàápàá tí ajá ń tẹ̀lé, San Lázaro ni, Ọbalúayé sì ni. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejìlá ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn máa ń wọ́ lọ sí ojúbọ rẹ̀ ní El Rincón. Ní Salvador ti Bàhíà, ẹni tó bá fi àwòrán ìjọ Senhor do Bonfim ránṣẹ́ lè jẹ́ ọmọ Ọbàtálá pátápátá. Aṣọ funfun tí ó wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ti Òrìṣà ni.

Àwọn ẹrú tí a kó lọ sí ilẹ̀ wọ̀nyẹn kò ní ààyè láti gbé òrìṣà wọn síta. Wọ́n fi í pamọ́ sábẹ́ àwòrán tí ọ̀gá gbà láàyè. Bí àwa tí a wà nílé bá wá fi òfin lé àwòrán yẹn jáde, ara wa la ń lé jáde.

Ìdè pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Èyí tí ẹ mọ̀ sí ìdè Ifá níhìn-ín sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ilẹ̀. Ní Kúbà, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò ni. Mo ti gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan ní ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ayédèrú. Kò sí ayédèrú níbẹ̀. Odò kan náà ló la ilẹ̀ méjì kọjá, erùpẹ̀ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló fún un ní àwọ̀. Lẹ́tà gan-an ni yóò kọ́ wa ní èyí, bí a bá bèèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa kí a tó dájọ́.

Àmì, èlò, awo

Ìṣòro tó tóbi jù láàárín wa ni pé a ń pe ohun mẹ́ta ní orúkọ kan. Mo fẹ́ kí á yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkíní ni àmì ìdánimọ̀. Ìdè ọwọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, aṣọ funfun, àwòrán igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, orúkọ bí Fáṣọlá àti Ṣàngóbùnmi. Ìwọ̀nyí ń sọ fún ayé pé ẹni báyìí ni mí. Ojútáyé ni wọ́n wà fún. Kò sí ìdí kankan tí ọ̀dọ́ wa yóò fi yọ wọ́n nínú lẹ́tà.

Èkejì ni èlò tí a ti bọ: ikin, ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí à ń lò, ọ̀tá Ṣàngó. Ìwọ̀nyí ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ní ojúbọ tí wọ́n jókòó sí. Wọn kì í ṣe ẹ̀bùn tí a ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ bí àwòrán ìlú. Ewu òfin tún wà níbẹ̀. Ẹ wo ìkóóde. Gbogbo wa mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 2017 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti fi odídẹrẹ́ sí ipò àwọn ẹ̀dá tí a dáàbò bò jù lọ. Ẹni tó bá fi ìyẹ́ kan ṣoṣo sínú àpò lẹ́tà lọ sí òkè òkun láìgba ìwé àṣẹ ti rú òfin, kódà bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ ló fi rán an. Èso àti ewé náà ní ìlú tí kò gbà á wọlé. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, ẹ má fi ìyẹ́ ránṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni awo. Ohun tí a fi aṣọ funfun bò, a kò bò ó nítorí ìtìjú. Igbá Odù, ohun tí ojú rí nínú igbódù, ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ìyàwó Ifá: kò sí ọ̀rẹ́ onílẹ́tà tó ni wọ́n. Ẹni tó bá ya àwòrán wọn kó lè fi hàn pé ẹ̀sìn òun jinlẹ̀, ó ń fi hàn pé òun kò tíì wọ inú rẹ̀.

Ẹ má rò pé àwòrán jẹ́ ohun kékeré. Ní Salvador, ìyálórìṣà kan wà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Mãe Gilda. Ní 1999, ìwé ìròyìn ìjọ kan mú àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ òrìṣà, èyí tí a ti yà fún ohun mìíràn ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Wọ́n gbé e jáde láìgba àṣẹ lábẹ́ àkọlé tó pe àwọn olórìṣà ní oníjìbìtì. Ìbànújẹ́ àti ìkọlù tẹ̀lé e. Ó kú ní 21 oṣù kìíní 2000. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba Brazil fi ṣòfin ní 2007 pé 21 oṣù kìíní ni ọjọ́ ìgbógun ti àìfaradà ẹ̀sìn ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Àwòrán kan náà tó jẹ́ iyì lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó di ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ ohun tí ẹ ń fi síta àti ẹni tí ẹ ń fi í hàn.

Ọ̀rẹ́ kì í ṣe oko ìwàásù

Ẹnìkan bi mí pé: bí a bá gba àmì láàyè, ṣé a kò ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí yóò máa fi lẹ́tà wàásù? Ìbéèrè rere ni. Àmì ń sọ ẹni tí mo jẹ́. Ìwàásù ń sọ ẹni tí ìwọ gbọ́dọ̀ dà. Ifá kì í lọ dúró lójú ọ̀nà kí ó máa fa ènìyàn láṣọ. Ẹni tí orí rẹ̀ bá gbé e wá ni à ń tẹ̀ nífá. Nítorí náà, àwa ni ó yẹ kó kọ́kọ́ pa òfin yìí mọ́: ọ̀rẹ́ tó bá bèèrè, kí á dá a lóhùn, ọ̀rẹ́ tí kò bèèrè, kí á béèrè nípa oko rẹ̀, ìyá rẹ̀, oúnjẹ ìlú rẹ̀.

Ó sì kan ẹni tí ẹ̀rù ń bà lóòótọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé Èṣù ni Sàtánì, nítorí pé orúkọ Èṣù ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa fi pe ọ̀tá Ọlọ́run. Ẹ̀rù irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irọ́, ìtumọ̀ tó gbà ni irọ́. Àwọn kan sì wà láàárín wa tó ń mọ̀ọ́mọ̀ so ìlẹ̀kẹ̀ rẹpẹtẹ, tí wọ́n ń fajú ro nínú àwòrán, kí àjèjì lè bẹ̀rù wọn. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sìn. Ìwà lẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ ni ń yọ obì lápò. Gbólóhùn kan lábẹ́ àwòrán, “Èyí ni ìdè tí wọ́n so mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a tẹ̀ mí nífá, ó ń rán mi létí ìlérí mi pé n kò ní purọ́,” yóò ṣe ohun tí àríyànjiyàn ọdún mẹ́wàá kò lè ṣe.

Ohun tí mo dábàá

Ìkíní, kí ẹgbẹ́ onílẹ́tà wa gba àmì ìdánimọ̀ gbogbo ẹ̀sìn láàyè, lábẹ́ òfin kan náà, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ìkejì, kí àmì má ṣe rìn láìní ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi í hàn, kó ṣàlàyé rẹ̀ ní gbólóhùn kan tàbí méjì, ní èdè tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́.

Ìkẹta, kí èlò tí a ti bọ wà ní ojúbọ, kí awo wà nínú awo.

Ìkẹrin, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi lẹ́tà wàásù, kí ó sì má ṣe fi ẹ̀sìn ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ara ẹnìkan kò bá balẹ̀ pẹ̀lú àmì ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí á wá ọ̀rẹ́ mìíràn fún un. Kí á má ṣe ní kí onítọ̀hún bọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ìkarùn-ún, kí á má ṣe fipá mú ẹnikẹ́ni láti fi àmì hàn. Ọ̀dọ́ wà láàárín wa tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé ó ti padà sí ìṣẹ̀ṣe. Lẹ́tà rẹ̀ yóò gba ọwọ́ bàbá onílé, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ akọ̀wé pósítọ́fíìsì. Káàdì tí kò ní àpò, gbogbo ojú ló ń kà á. Ohun tó bá jẹ́ ti ọ̀rẹ́ nìkan, inú àpò tí a ti lẹ̀ ni kó wà, kí ìta àpò má ju orúkọ àti àdírẹ́sì lọ.

Ní ti ọmọ wa tó béèrè bóyá òun ló ṣẹ̀ tàbí ìdè ọwọ́ rẹ̀: ọmọ mi, ìwọ kò ṣẹ̀, ìdè ọwọ́ rẹ kò sì ṣẹ̀. Kọ̀wé sí alábòójútó náà pẹ̀lú sùúrù. Sọ fún un ohun tí ìdè jẹ́, kí o sì bi í bóyá òfin kan náà ló wà fún gbogbo ọrùn àti gbogbo ọwọ́. Bí ó bá gbọ́, o ti rí ọ̀rẹ́ kún ọ̀rẹ́. Bí kò bá gbọ́, ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ fò láì fara kanra, ẹgbẹ́ tiwa sì ń dúró dè ọ́. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ń fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Ṣùgbọ́n a kì í sọ orúkọ ẹni tó rán wa nù sọ́nà.

Kí Ọ̀rúnmìlà fún wa ní ọ̀rọ̀ tí yóò tu ọkàn. Kí Èṣù ọ̀dàrà má da ọ̀nà lẹ́tà wa rú. Kí ẹni tí a kọ̀wé sí rí i gbà, kí ó kà á, kí ó sì dáhùn ní rere. Àṣẹ.

Àbọrú, àbọyè.